Ọtí Ti Wọ Epo, Ẹ Lọ Yẹ Rọ́bà Ọkọ̀ Yín Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ níbi ìpàdé wa ní Maryland, kí a tó gbé ọkọ̀ padà sómi lọ́dún yìí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Àgò o!

Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àdúrótì wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín. Alága, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè. Ẹ ní kí n má kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ ni mí, bí ọ̀rọ̀ omi bá ti délẹ̀, a kì í wo aago mọ́. (Ẹ̀rín.)

Kí ló gbé wa débí lónìí? Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ mẹ́rin tó jẹ́ ti àwa tá a wà nínú gbọ̀ngán yìí ló wá bá mi níbi tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì òun ti kú. Mo yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ẹ́ńjìnnì kankan ò kú. Rọ́bà ni. Rọ́bà tí epo ń gbà láti inú táǹkì lọ sí ẹ́ńjìnnì, ọtí ti jẹ ẹ́.

Ẹ gba nǹkan mẹ́ta yìí, ẹ máa gbé e fún ara yín. Gígé rọ́bà epo ni, ara ọkọ̀ tí mo tún ṣe ni mo ti gé wọn. Ẹni tó bá mú àkọ́kọ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ rí i bó ṣe rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́? Ìkejì, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ. Ó le bí igi gbígbẹ, ó ń sán. Ìkẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ìta rẹ̀ dúdú minijọ, bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á. Ẹ gbé e sójú, ẹ wo inú ihò rẹ̀. Awọ inú ti bó kúrò lára èyí tó wà níta, ó ti ká kò, ó ti dí ọ̀nà. Epo ò lè kọjá mọ́ àfi díẹ̀díẹ̀. Olówó rẹ̀ ti ra pọ́ǹpù epo méjì kó tó gbé e wá. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Ó dáa. Ẹ máa gbé e fún ara yín lọ, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: kí ló wà nínú epo tí à ń rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, kí lẹ máa ń rí lára ẹ̀rọ tó ń ta epo? E10. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá 10 nínú 100 ohun tí ẹ ń rà lè jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù. Kí ni ẹ́tánọ́ọ̀lù? Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Ọtí ni. Ìbátan ògógóró ni. Ẹmu ògùrọ̀ la fi ń sè tiwa nílé, àgbàdo ni wọ́n fi ń sè tiwọn níbí. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọtí yìí gba gbogbo agbègbè wa. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ MTBE ni wọ́n ń dà sínú epo tẹ́lẹ̀ kó lè jó dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó ń wọ inú omi ilẹ̀, ó ń ba kànga jẹ́. New York àti Connecticut fòfin dè é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé dandan ni kí wọ́n máa lo iye kan nínú epo tó bá ti inú irè oko wá. Nígbà tó fi máa di 2006, àwọn tó ń fọ epo ti pa MTBE tì, ọtí ni wọ́n fi dípò rẹ̀, títí kan agbègbè Baltimore níbí.

Àwọn òyìnbó tó ń gbé ọkọ̀ ńlá àtijọ́ ní Long Island Sound ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe táǹkì epo àwọn ọkọ̀ kan nígbà náà. Ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í tú gọ́ọ̀mù tó di fáíbà yẹn pọ̀, gọ́ọ̀mù ń bá epo lọ, ó ń di ọ̀dà dúdú lára fáàfù ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ táǹkì tó ń yọ́ sínú epo tí wọ́n rọ sínú rẹ̀! Bó bá lè ṣe fáíbà bẹ́ẹ̀, kí ni rọ́bà máa sọ?

Ọ̀rọ̀ kejì: ìwà ọtí

Ìyá tó bí ìyá mi ta ògógóró ní Igbókòdá. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi omi lú u kó lè pọ̀. Ẹ gbé ìgò yẹn sójú oòrùn, ẹ wò ó títí, ẹ ò ní rí omi. Kí ni màmá máa ń ṣe? Wọ́n á da díẹ̀ sínú ìdérí, wọ́n á ṣáná sí i. Bí iná bá gbé e tó ń jó búlúù, wọ́n á sanwó. Bí kò bá gbiná, kí ọlọ́jà ká ẹrù ẹ̀ ńlẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ kékeré nígbà náà, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fi ń jẹun lónìí: ọtí àti omi, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti pàdé, ojú ò lè yà wọ́n mọ́.

Bẹntiróòlù ńkọ́? Kò fẹ́ rí omi sójú. Láyé àtijọ́, bí omi bá wọ táǹkì, ó máa wà nísàlẹ̀ ní tirẹ̀, fíltà á mú un, ẹ ó dà á nù, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ọtí wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó di bẹntiróòlù mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di omi mú lọ́wọ́ òsì.

Báwo ni omi tó lè dì mú ṣe pọ̀ tó? Nínú gálọ́ọ̀nù kan, kò tó ṣíbí tíì mẹ́rin. Bí omi bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọtí á fi bẹntiróòlù sílẹ̀, á bá omi lọ, àwọn méjèèjì á jọ sùn sísàlẹ̀ táǹkì. Ibo ni rọ́bà tó ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìnnì ti ń mu? Ìsàlẹ̀ táǹkì náà ni. Ẹ́ńjìnnì yín á wá máa mu ògógóró tí wọ́n fi omi lú. (Ẹ̀rín.) Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín Chesapeake, tí ìjì ń bọ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Mo dán an wò nínú àgbàlá mi. Ẹ má ṣe é nínú ilé o! Mo mú ìgò kan, mo da omi tó ga bí ìka kan sí i, mo lẹ bébà mọ́ ojú ibi tí omi dé. Mo fi epo E10 kún un, mo dé e, mo mì í dáadáa, mo gbé e kalẹ̀. Nígbà tó fi silẹ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ ti ga kọjá bébà mi. Níbo ni omi ti rí èlé? Ọtí ló kó tọ̀ ọ́ lọ.

Ẹnì kan á ní, “Ẹ̀gbọ́n, epo kan náà ni mo ń rọ sínú mọ́tò mi, kò ṣe é ní nǹkan kan.” Òótọ́ ni. Ẹ máa ń jó epo mọ́tò tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, táǹkì rẹ̀ sì dé pa. Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Láti November títí di April, ó dúró gbagidi nínú àgbàlá yín pẹ̀lú epo nínú. Táǹkì rẹ̀ sì ní rọ́bà tó fi ń mí sí gbangba. Lójoojúmọ́ ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn ni rọ́bà fi wà nínú ọtí.

Kí ló wá ń ṣe rọ́bà? Ọtí máa ń wọ inú rẹ̀ lọ. Rọ́bà tí wọn ò ṣe nítorí ọtí á wú, á rọ̀. Òróró tí wọ́n fi mú kó máa tẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá epo jáde. Bí epo bá wá gbẹ kúrò níbẹ̀, á gan, á sán. Èyí tó rọ̀ àti èyí tó le tí ẹ dì mú yẹn, àìsàn kan náà ni. Ọtí tún máa ń fọ nǹkan. Gbogbo ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ táǹkì láti ọdún gbọọrọ, á fọ̀ ọ́ kúrò, á kó o wá bá fíltà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ máa mú fíltà kan dání nínú ọkọ̀, irú èyí tó ń ya omi sọ́tọ̀, kó jẹ́ ti 10 micron, ìyẹn ìwọ̀n bí ihò rẹ̀ ṣe kéré tó.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òdodo. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá ti ṣe ọkọ̀ wọn, ọtí ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Rọ́bà tó ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nídìí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná, ẹ fẹ́ kó wà láàyè títí láé ni? Brazil ti ń fi ọtí ìrèké sínú epo tipẹ́, láti 1975 ni ètò ńlá wọn ti bẹ̀rẹ̀, ìdá tí wọ́n ń dà sí i ju tibí lọ fíìfíì. Wọ́n ṣe mọ́tò wọn nítorí rẹ̀ ni. Àìmúra ló ń pa ọkọ̀ tiwa.

Ọ̀rọ̀ kẹta: ẹ ka ohun tó wà lára rọ́bà

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Rọ́bà epo tó tọ́ sí ọkọ̀ ojú omi ní ìwé lára. Ẹ nu eruku kúrò, ẹ tan iná, ẹ kà á.

Ẹ máa rí “USCG TYPE”, USCG ni àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà A tàbí B, lẹ́yìn náà 1 tàbí 2. A ni èyí tí wọ́n ti fi iná dán wò, tó lè fara da iná fún ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. B kò ní ìdánwò iná yẹn. Nọ́ńbà 1 ni ti rọ́bà tí epo máa ń dúró sínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Nọ́ńbà 2 ni ti ibi tí epo kàn ń gbà kọjá, bíi rọ́bà tí a fi ń rọ epo wọ táǹkì àti rọ́bà tí táǹkì fi ń mí.

Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, ṣé ẹ rò pé ó kéré? Ẹ lọ ka aago. Àkókò tí ẹ ó fi pa ẹ́ńjìnnì nìyẹn, tí ẹ ó fi gbé ohun ìpaná, tí ẹ ó fi kó àwọn ọmọ lọ síwájú ọkọ̀. Lójú agbami, kò síbi tí èèyàn ń sá lọ.

Lẹ́yìn A1, ẹ wá nọ́ńbà kan sí i: 15. Òun ni kókó ọ̀rọ̀ òní. Rọ́bà, bó ti wù kó dára tó, epo máa ń gba ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ bí òógùn. A1 àtijọ́ láyè láti jẹ́ kí 100 giramu gba ara mítà oníbùú-lóòró kan jáde láàárín wákàtí 24, àní bẹntiróòlù tí kò lọ́tí nínú ni wọ́n fi wọn ìyẹn. A1-15 kò gbọdọ̀ ju 15 giramu lọ, epo tó ní ọtí ìdá 10 sì ni wọ́n fi dán an wò. Láti 2009 ni ìjọba ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun. Ọ̀pọ̀ wa, ọkọ̀ àlòkù la rà, èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ìgbà yẹn. Ọdún tí wọ́n ṣe rọ́bà wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n má ta èyí tó ti sùn sórí pẹpẹ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò wa kan. Kò sí níbí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ó ra ọkọ̀ 1988 kan, ẹsẹ̀ bàtà 22, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn. Òórùn epo ń rùn níbẹ̀ gan-an. Kí ló ṣe? Ó ra lọ́fínńdà inú mọ́tò, ó fi kọ́ síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fárí gá, ó ní òun ò wọ ọkọ̀ náà títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi wò ó. Ọlọ́run bù kún obìnrin yẹn.

Mo mú àkísà funfun kan tó mọ́ dání. Mo fi fa ara rọ́bà tó lọ sídìí ẹ́ńjìnnì láti òkè délẹ̀, mo gbé e símú. Kò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Mo mú àkísà mìíràn, mo na ọwọ́ sẹ́yìn pákó, níbi tí rọ́bà ńlá tí wọ́n fi ń rọ epo gbà. Ojú ò tó ibẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan péré, mo gbé àkísà fún un. Ó gbóòórùn, ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, inú ilé iná la ti ń sùn látọjọ́ yìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo wá padà sórí èyí tó pààrọ̀. Mo nu ara rẹ̀, mo ka ìwé. SAE 30R7 ló wà níbẹ̀, kò sí USCG. Rọ́bà mọ́tò ni! Ilé ìtajà ẹ̀yà mọ́tò ló ti rà á, nítorí ó dín lówó. Rọ́bà mọ́tò dára nínú mọ́tò. Bó bá jò níbẹ̀, epo á kán sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé òórùn rẹ̀ lọ. Òórùn epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ikùn ọkọ̀ sì dà bí agbada. Á kó jọ síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, á máa dúró de ẹni tó máa ta sítátà.

Ẹ ṣe ti àkísà yẹn bí ẹ bá délé. Àkísà kan fún rọ́bà kan. Èyíkéyìí tó bá ti gbóòórùn sára àkísà, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má pààrọ̀ ọ̀kan kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀, nítorí ọdún kan náà ni wọ́n jọ wọṣẹ́. Rọ́bà ẹ́ńjìnnì, rọ́bà ìrọpo, rọ́bà èémí, gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ́ńjìnnì tó ń kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, B1-15 ni wọ́n sábà máa ń lò fún tiyín tó wà ní gbangba. Ẹ má gbàgbé bọ́ọ̀lù rọ́bà tí ẹ fi ń fún epo síwájú. Bó bá ti le tàbí tó ń fà mọ́ra tí kò padà wú, ẹ jù ú nù.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ yọ okùn bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ ṣí gbogbo ìdérí. Kò sí sìgá, kò sí iná tó ń ṣáná. Bí rọ́bà àtijọ́ bá lẹ̀ mọ́ ẹnu táǹkì, ẹ má fà á bí ẹni fa iṣu! Alumíníọ̀mù ni ẹnu táǹkì púpọ̀, ó lè kán mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ là á lóròó, ẹ ṣí i bí ẹni ṣí ewé mọ́ínmọ́ín.

Ẹ gé tuntun ní ìwọ̀n tó péye, kó má ká kò, kó má fara kan páìpù èéfín ẹ́ńjìnnì. Kílíìpù ayíbírí tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kì í ṣe onísípíríǹgì. Rọ́bà ìrọpo gba kílíìpù méjì lẹ́nu kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi kílíìpù sí etí rọ́bà pátápátá, kó jìnnà sí i tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì kan. Lára rọ́bà ìrọpo, wáyà kékeré kan wà tó so ẹnu ìrọpo mọ́ táǹkì kí iná mànàmáná má bàa ta. Ẹ dá a padà sáàyè rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ ikùn ọkọ̀ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ fi imú yín gbóòórùn, kí ẹ tó ta á.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: E15, epo tí ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 15 nínú 100. Ẹ máa rí i lára ẹ̀rọ epo kan pẹ̀lú àmì olómi ọsàn àti dúdú. Mọ́tò tí wọ́n ṣe láti 2001 lè mu ún. Òfin ò gbà á fún ọkọ̀ ojú omi rárá. Bí ẹ bá ń bu epo sínú kẹ́ẹ̀gì ní ilé epo ojú pópó, ẹ wo ibi tí ẹ tẹ̀. Àwọn ibùdókọ̀ ojú omi kan ń ta epo aláìlọ́tí, ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n èmi òun ni mo máa ń rọ sínú tèmi kí n tó gbé e pamọ́ fún òtútù.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé

Mo mọ̀ yín. (Ẹ̀rín.) Ẹ̀ ń ra ẹ́ńjìnnì àlòkù níbí, ẹ̀ ń kó o sínú kọ̀ǹténà lọ sí Èkó. Ẹ máa sọ fún mi pé epo ilé ò lọ́tí. Lóòótọ́, ní 2007 ìjọba gbé ètò kalẹ̀ pé kí wọ́n máa da ìdá 10 sí i, kò tíì di nǹkan tí à ń rí ní ilé epo. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti gbàgbé February 2022? Epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, mọ́tò ń kú lójú títì, ìlà epo gùn bí odò. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n ẹ́tánọ́ọ̀lù ni nínú ìwà burúkú. Ó ń jẹ rọ́bà jù ú lọ.

Rọ́bà tó ti mu E10 fún ọdún mẹ́wàá ní Maryland, tó gbẹ nínú kọ̀ǹténà fún oṣù méjì, tí ẹ wá fi gbé èrò ogún láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó, ṣé ẹ fẹ́ kí n parí gbólóhùn yẹn? Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbí, kí ẹ kó tuntun méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà tó ní ìwé lára yìí ṣòroó rí nílé ju ẹ́ńjìnnì gan-an lọ.

Alága ti ń wo mi. Mo ti gbọ́, sà.

Ẹ bá mi dá àwọn rọ́bà yẹn padà kí oúnjẹ tó dé. Kí gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án lọ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ má fi bẹntiróòlù jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Mẹ́ta ni mo gbé jáde. Ọ̀kan rèé, èjì rèé. Èyí tí inú rẹ̀ bó dà? Ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?